Òkúta Inú Yàrá Ẹ̀yìn

Òkè la wà nínú ilé tí a háyà ní Laranto, nílùú Jos, ilé ìdáná sì wà nísàlẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ìyá mi lè sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n sì tún gòkè nígbà márùn-ún, mẹ́fà. Orúnkún wọn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tipẹ́, bí ọyẹ́ bá sì ti dé, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé itan.

"Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Ibi tí agbára mi gbé mi dé nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun, kó gbé àwo ẹ̀ wá bá mi níbí."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo gba ìkòkò lọ́wọ́ wọn, mo fà wọ́n dìde. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Iṣẹ́ dígí ni mò ń ṣe. Bàbá mi ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún mi. Jos ni wọ́n bí wọn sí, Jos náà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá tiwọn ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Mò ń gé dígí fèrèsé, mò ń ṣe férémù fọ́tò, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Kò sí àdúgbò tí mi ò ní fèrèsé sí ní ìlú yìí. Ilé nìkan ni mi ò ní.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Du, abúlé kan lẹ́yìn Bukuru. Ẹnì kan ń kọ́lé síbẹ̀, ó ní kí n wá wọn fèrèsé. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò tíì dé, mo wá ní kí n rìn kiri díẹ̀. Bí mo ṣe kọjá oko pòtétò kan báyìí, mo rí ilé kan tó fi ẹ̀yìn ti òkè. Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, igun rẹ̀ sì gún régé. Ìdajì páànù rẹ̀ ti lọ, ìyókù ti dógùn-ún. Igi gúáfà kan yọ orí láti ojú fèrèsé kan bí ẹni tó ń wo ìta. Ewúrẹ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀ sí fàráńdà, wọ́n sì ń wò mí bíi pé èmi ni mo wá gba ilé lọ́wọ́ wọn.

Bí mo bá rí ilé, fèrèsé ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po, mò ń kà wọ́n. Bàbá àgbàlagbà kan nàró láàárín oko, ọkọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Birom ni wọ́n, Hausa la sì fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

"Sannu, ọmọ mi. Kí lo ń kà?"

"Fèrèsé ni, Baba. Méje ni mo rí."

"Mẹ́jọ ni. Ọ̀kan wà lẹ́yìn."

Ilé ẹ̀gbọ́n wọn ni. Ẹ̀gbọ́n náà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká sí Abuja àti Kaduna, wọ́n sì ti ní kí àbúrò bàbá wọn bá wọn wá ẹni tó máa rà á.

"Àwọn èèyàn ń wá," Baba ní. "Wọ́n á wò ó, wọ́n á sì lọ."

"Kí ni wọ́n ń rí tí wọ́n fi ń lọ?"

"Tóò, bó o bá fẹ́ mọ̀, máa bọ̀."

A gba àárín àwọn ewúrẹ́ kọjá. Pálọ̀ kan, yàrá méjì, lẹ́yìn náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan tí ewé gbígbẹ kún dé kókósẹ̀. Ilẹ̀kùn tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ti wú. Baba fi èjìká tì í lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣí. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ṣí.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò débẹ̀. Òkúta ló wà nínú yàrá. Kì í ṣe òkúta téèyàn ń gbé, kì í ṣe èyí téèyàn ń jókòó lé. Ó gba ìdajì yàrá náà. Inú ilẹ̀ ló ti yọ jáde, ó ga ju orí mi lọ, ó sì fi ẹ̀yìn wọ inú ògiri, ó la ògiri já sí ìta. Ẹni tó kọ́lé ti gbẹ́ àwọn òkúta ògiri rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè bá ara òkúta ńlá náà mu, débi pé mi ò rí ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà wọlé láàárín wọn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àwọ̀ erin, ó sì pọ́n láwọn ibì kan. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ibi tí páànù ti ṣí lókè bọ́ sórí rẹ̀, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ sì ń kọ mọ̀nà lára rẹ̀ bíi pé dígí ni mo gé tí èérún rẹ̀ dà síbẹ̀.

Nígbà tí mo máa sọ̀rọ̀, mo rí i pé ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́, bíi pé ẹnì kan ń sùn níbẹ̀.

"Baba, kí ló dé tí wọn ò fọ́ ọ?"

Baba rẹ́rìn-ín. "Ohun tí gbogbo wa bi í nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti ń wa kuza ni ẹ̀gbọ́n mi ti lo ayé ẹ̀, irin funfun abẹ́ ilẹ̀ tó kó àwọn èèyàn yín wá sí Jos. Ó ní òun ti fọ́ òkúta tó fún ẹlòmíràn. Òun ò ní fọ́ ọ̀kan torí kóun lè rí ibi sùn."

Ní Sátidé, mo mú Màámi lọ wò ó. Wọ́n wo pálọ̀, wọ́n wo yàrá, wọ́n bá àwọn ewúrẹ́ jà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, wọ́n dúró. Wọ́n wo òkúta náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n wá yíjú sí Baba.

"Ta ló gbé e wọlé?"

"Mama, ẹnikẹ́ni ò gbé e wọlé," Baba dáhùn. "Ilé la gbé wá bá a."

Màámi mi orí. Nígbà tí a ń padà lọ nínú mọ́tò, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn títí a fi kọjá Bukuru. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀." Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ lọ́yà àti ìwé fa ìtàn gùn. Àwọn ọmọ olóògbé fọwọ́ sí i, olórí abúlé jẹ́rìí, ilé di tiwa. Káfíńtà tún òrùlé ṣe. A gé gúáfà kúrò lójú fèrèsé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn ewúrẹ́ tó gbà pé wọn ò nílé mọ́. Bá a bá lé wọn láàárọ̀, wọ́n á tún padà wá nírọ̀lẹ́.

Ní tèmi, mo ti pinnu pé òkúta náà máa kúrò. Yàrá ẹ̀yìn ló sún mọ́ ilé ìwẹ̀ jù, òun ni mo sì fẹ́ kó jẹ́ ti Màámi. Yàrá tí òkúta gba ìdajì rẹ̀, níbo la fẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí? Mo wá ọkùnrin kan tó ń fọ́ òkúta kàn. Ará Pankshin ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Òòlù tó ti ń lò láti kékeré ti ba etí rẹ̀ jẹ́, èèyàn sì gbọ́dọ̀ ké kó tó gbọ́. Mo rò pé ó máa dáná sórí òkúta náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kó gbóná, kó fi òòlù lù ú, kó ṣí ní ìpele ìpele. Kò dáná kankan. Ó fi òòlù kékeré kan òkúta náà, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì lé e.

"Etí mi ò gbọ́ nǹkan mọ́, madam," ó ní. "Ọwọ́ mi ló ń gbọ́."

Ó kàn án níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún. Ó jáde, ó gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé, ó dúró síbì kan tó tó ogún ìṣísẹ̀ sí wa. Ó ké sí mi láti ibẹ̀ pé kí n wọ yàrá lọ, kí n tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sí ara òkúta. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúró, mò ń ronú pé ọkùnrin yìí fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan kan lù mí ní àtẹ́lẹwọ́. Kò dùn mí, kò sì lágbára, ṣùgbọ́n kò ṣe é ṣì mú fún nǹkan mìíràn. Ó tún wá. Ó tún wá. Òòlù ńlá tó ń kàn lókè lọ́hùn-ún ló gba abẹ́ ilẹ̀, tó gba abẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, tó sì bá mi lọ́wọ́ níbi tí mo dúró sí. Irun ara mi dìde.

Nígbà tó wọlé dé, kò tíì sọ nǹkan kan tí mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Kì í ṣe òkúta ló wà nínú yàrá yín," ó ní. "Òkè yẹn ni. Díẹ̀ lára ẹ̀ lẹ rí. Mo lè fọ́ ọ, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọ́ ọ tán, ògiri yín sì jókòó lé e lórí. Bí mo bá dáná sí i, mi ò mọ ibi tó máa là dé."

Mo ní kó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, kó má fọ́ ọ.

Òjò àkọ́rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n kábàámọ̀ ìpinnu yẹn. Ó rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí a ṣì wà ní Laranto. Nígbà tá a dé Du lọ́sàn-án, omi pupa ti kún yàrá ẹ̀yìn, ó ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé pálọ̀. Ibi tí ògiri ti pàdé òkúta ló ń gbà wọlé. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́sàn-án tí mo kó pamọ́ síbẹ̀ ti mu omi yó. Mo jókòó sórí àga onígi kan, mo gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè kúrò nínú omi, mo sì bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

"Ó tó. Ilé yìí ti pẹ́ níbí kó o tó rà á. Ṣé bó ṣe ń kún nìyí látijọ́ ni? Ṣé inú omi ni àwọn tó kọ́ ọ ń sùn ni?"

Mo sọ ẹsẹ̀ mi kalẹ̀ sínú omi. Mi ò ronú dé ibẹ̀.

Mo tún ránṣẹ́ pe ọkùnrin afọ́kúta náà. Mo ní kó bá mi gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀yìn ilé kí omi òkè má baà máa bọ́ sára ògiri. Lọ́jọ́ kejì tó ti ń gbẹ́lẹ̀, mo gbọ́ tó ké. Mo rò pé ejò ni. Nígbà tí mo débẹ̀, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ha ẹrẹ̀.

"Madam, ẹnì kan ti gbẹ́ gọ́tà síbí ṣáájú mi."

Inú òkúta náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ó jìn tó ọwọ́ mi láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, ó sì tọ́ bí ìlà tí mo fi rúlà fà. Erùpẹ̀ àti gbòǹgbò koríko ọ̀pọ̀ ọdún ló dí i títí tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. A fi ṣíbí kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, a fi ọwọ́ kó o, a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un. Ojú ibi tí wọ́n ti fi irin gbẹ́ ẹ ṣì wà lára òkúta, wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lápá òkè ló ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti pín sí méjì, tó gba ọ̀tún, tó gba òsì, tó yí òkúta náà ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń yí ìdí ọmọbìnrin ká. Àwọn méjèèjì tún pàdé ní igun ilé, wọ́n sì jọ wọ abẹ́ òkìtì òkúta kan tó wà létí oko pòtétò Baba.

Baba dé ní ọjọ́ kẹta láti wo ohun tá a ń ṣe. Wọ́n fi ojú tọ gọ́tà náà láti òkè dé igun ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀rùn méjì," wọ́n ní. "Ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ni mo fi ń gbọ́ ko, ko, ko lẹ́yìn ilé yìí kí ògiri ẹ̀ tó dìde. Mo fi í ṣe ẹlẹ́yà. Mo ní ìwọ tó o ní o ò ní fọ́ òkúta, kí lo tún ń kàn? Ó ní òun ń bẹ omi kó gba ọ̀nà ibòmíràn ni."

Wọ́n wo òkìtì òkúta etí oko. A ṣí i. Ojú ihò wà lábẹ́ rẹ̀, ó dojú kọ oko. Baba fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Igun oko yẹn ni pòtétò mi ti máa ń ta jù. Mo rò pé Ọlọ́run ló fẹ́ràn ibẹ̀. Nígbà tó wá gbẹ, mo ní ilẹ̀ ló ti gbó."

A tún fi ọjọ́ mẹ́rin kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ tán. Ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè ni òjò dé. Òjò Jos kì í fi bẹ́ẹ̀ kìlọ̀; ojú ọ̀run ṣú, atẹ́gùn fẹ́, ó sì dà. Èmi, Màámi, Baba àti ọkùnrin afọ́kúta dúró lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé. Omi pupa náà ti òkè wá, ó yára, ó gbé igi àti ewé dání. Mo di apá Màámi mú. Ó dé ibi òkúta, ó wú díẹ̀ bíi pé ó fẹ́ fò kọjá, ó wá pín sí méjì. Mo fi ojú ara mi rí i. Ó pín sí méjì bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún, ó gba ọ̀tún, ó gba òsì, ó ń dún nínú gọ́tà òkúta náà, ó pàdé ara rẹ̀ ní igun ilé, ó sì wọlẹ̀ lọ sí oko.

"Ikon Allah! Agbára Ọlọ́run!" Màámi ní. Wọ́n tún un sọ, lóhùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

Mo sáré wọ yàrá ẹ̀yìn. Mo fi ọwọ́ ra ibi tí ògiri ti pàdé òkúta, láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ mi ká mọ. Nígbà tí mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi, eruku ló wà níbẹ̀. Eruku gbígbẹ. Òjò ń lu páànù lórí mi kíkankíkan, òkè kan gbáko ń da omi sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri, èmi sì dúró, mò ń wo eruku lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo jáde, Baba ti bọ́ sínú òjò. Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n ki ọwọ́ bọ omi inú gọ́tà, wọ́n sì ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ní orúkọ kan tó jẹ́ pé àwọn ará ilé nìkan ló ń pè é. Wọ́n pè é bí ẹni ń pe ẹni tó wà nítòsí.

A kó wá sí Du kí ìgbà òjò tó parí. Màámi fi bẹ́ẹ̀dì wọn sí apá kejì yàrá náà, ó sì gbà á dáadáa. Ìbẹ̀rù mi ló mú kí n rò pé kò ní gbà á. Èmi fúnra mi ni mo fi gbogbo dígí ilé náà sí i. Fèrèsé kẹjọ, ti yàrá ẹ̀yìn, ni mo fi sí i kẹ́yìn, mo sì ráhùn nídìí rẹ̀. Ó fẹ̀ tó méjì àwọn tó kù, ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, mi ò sì rí ìdí tẹ́nì kan fi máa ṣe irú ihò bẹ́ẹ̀ sí yàrá kékeré ní ìlú olótùútù.

Ọyẹ́ ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Nígbà tí òtútù mú gan-an, tí èèyàn ń fi aṣọ méjì lé ara wọn, mo gbé tíì wọlé fún Màámi ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ti òkúta. Kò sí ìborùn lọ́rùn wọn.

"Màámi, òtútù á mú yín!"

"Wá fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn èèyàn. Mo wo fèrèsé, mo wo òkúta. Ó wá yé mi. Láti agogo mẹ́ta ni oòrùn ti ń gba dígí yẹn wọlé, kì í sì í bọ́ sórí nǹkan mìíràn bí kò ṣe òkúta náà, títí tó fi máa wọ̀. Òkúta á mu ún, á sì máa dá a padà fún yàrá díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó ti Màámi, mo fi ẹ̀yìn ti òkúta. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi dígí sílé onílé, mi ò bi ara mi rí pé kí ni oòrùn tí mo ń jẹ́ kó wọlé ń ṣe bó bá wọlé tán. Ọkùnrin kan tí mi ò rí rí, tí kò gé dígí lọ́jọ́ ayé rẹ̀, ti rò ó fún mi.

Mi ò ní sọ pé orúnkún Màámi ti yá. Ó ṣì ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀, wọn ò sì gbà kí n kun yàrá náà lọ́dà. Wọ́n ní ọ̀dà á dójú ti òkúta.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ọdún tuntun, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn wa. Ọmọ ẹni tó kọ́lé ni, ó ti Kaduna wá kí àbúrò bàbá rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ò fọ́ ọ," ó ní, kó tó kí wa tán.

"A ò fọ́ ọ," mo dáhùn.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ó rìn lọ síbi kan níhà ọ̀tún òkúta, níbi tó ti dán díẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ láìwò ó. Ó bá ibẹ̀ mu. Ó ní ibẹ̀ lòun ti ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní bàbá òun kì í sọ̀rọ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jẹun, á wá jókòó sí yàrá yìí, àwọn ọmọ á sì yí i ká, gbogbo wọn á dákẹ́.

"Bí òjò bá rọ̀, a máa ń ju ewé sínú gọ́tà ẹ̀yìn, a máa ń fi í sáré ìje. Ewé á lọ, á wọ abẹ́ òkúta, a ò sì mọ ibi tó ń já sí. Mo bi í. Ó ní kí n má ṣèyọnu, ó ń ṣe ẹnì kan lóore."

Mo mú un lọ sí etí oko, mo fi ojú ihò náà hàn án. Ilẹ̀ igun yẹn ṣì tutù láti ìgbà òjò, Baba sì ti gbin pòtétò sí i. Ó dúró níbẹ̀, ó wo oko àbúrò bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìpẹ̀kun, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí a padà wọlé, ó bi Màámi bóyá òun lè jókòó díẹ̀ sí i.

"Haba! Ilé bàbá ẹ ni," Màámi dá a lóhùn. "Ṣé o ti jẹun?"

Ó ní òun ò tíì jẹun. Mo lọ gbé omi kaná.